'Inflammable' àti 'Flammable': Ìtàn Àfòmọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Méjì Tó Jọ Ara Wọn

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ọ̀rọ̀ méjì ló wà fún ohun tó máa ń tètè gbaná: 'flammable' àti 'inflammable'. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní. Ẹni tó bá ti kọ́ pé 'visible' ni ohun tí a lè rí, tí 'invisible' sì jẹ́ ohun tí a kò lè rí, yóò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé 'inflammable' ní láti jẹ́ òdì 'flammable'. Ó lo òfin tí a kọ́ ọ bó ti yẹ. Òfin náà ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ìwé ìdánwò ló ti ṣe é, máàkì kan ló pàdánù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ àgbá epo ló ti ṣe é, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ máàkì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni èdè abínibí ọ̀pọ̀ nínú wọn, Faransé sì ni èdè tí wọ́n fi kàwé. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí àwọn Òyìnbó fi fi ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ fún ohun kan, tí wọ́n sì tún jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn máa tan ènìyàn jẹ. Ìdáhùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé gírámà ni pé 'in-' méjì ló wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tó. Faransé ní 'in-' méjì kan náà, ó sì ní ọ̀rọ̀ 'inflammable' kan náà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò fa wàhálà fún àwọn tó ń sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìdàrúdàpọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe tó bí 'inflammable' filé sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Látìn. 'Flamma' ni ọwọ́ iná. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe 'inflammare', èyí tó túmọ̀ sí kí a tiná bọ nǹkan. 'In-' tó wà níwájú rẹ̀ túmọ̀ sí 'sínú' tàbí 'sára'. Ẹbí kan náà ni òun àti 'in' tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí di òní. Látìn tún ní 'in-' mìíràn, èyí tó jẹ́ atọ́ka ìyísódì, tí òun sì jẹ́ ẹbí 'un-' ti Gẹ̀ẹ́sì àti 'a-' tàbí 'an-' ti Gíríìkì. Orísun wọn kò pa pọ̀ rárá. Ìró ló sọ wọ́n di ìbejì, ó sì ṣe é débi pé òfin àránmọ́ kan náà ló ń mú àwọn méjèèjì. Níwájú /m/, méjèèjì di 'im-': 'immigrate' jẹ́ ti 'wọlé sínú', 'immortal' jẹ́ ti ìyísódì. Níwájú /l/, wọ́n di 'il-': 'illuminate' àti 'illegal'. Níwájú /r/, wọ́n di 'ir-': 'irrigate', bíbomi sí oko, àti 'irregular'. Ẹni tó bá ń wá àmì kan tí yóò fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì nínú ìrísí wọn kò ní rí i. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e nìkan ló lè sọ fún un.

Èyí ni ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu, nítorí pé Yorùbá kò fi wọ́n sínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. 'Ì-' ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, 'àì-' ni a fi ń yí i sódì: ìmọ̀ àti àìmọ̀, ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́. Kò sí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ tó máa gbọ́ 'àìmọ̀' kó rò pé ìmọ̀ ni wọ́n ń sọ. Kódà nínú 'àìsàn', tí ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ara tí kò yá, bí a bá ní kí ènìyàn tú u, kíá ni yóò bá 'sàn' níbẹ̀.

Láti 'inflammare' ni Látìn àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí 'inflammabilis', Faransé sì rí 'inflammable'. Ọ̀rọ̀ náà wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17, kò sì sí ẹni tí ó rú lójú fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ni. Ní 1766, nígbà tí Henry Cavendish ṣàlàyé gáàsì kan tó máa ń jáde bí ásíìdì bá kan àwọn irin kan, 'inflammable air' ló pè é, afẹ́fẹ́ tó ń gbaná. Àwọn ará Faransé náà ń pè é ní 'air inflammable', títí Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbé orúkọ tuntun jáde nínú ìwé wọn ti 1787, tí gáàsì náà wá di 'hydrogène'. Ní àkókò yẹn, ẹni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́ Látìn. 'In-' inú ọ̀rọ̀ náà kò lè tàn án. 'Flammable' fúnra rẹ̀ fara hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì ní 1813, nínú ìtumọ̀ ìwé Látìn kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ nígbà náà. Ó sùn lọ.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló jí i. Ní òpin ọ̀rúndún 19, àwọn ohun tó ń gbaná kúrò nínú yàrá àwọn onímọ̀, wọ́n bọ́ sáàárín gbogbo ènìyàn: bẹntiróòlù, ọ̀dà, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, fíìmù sinimá. Fíìmù ìgbà náà, tí wọ́n fi sẹ́lúlọ́ìdì ṣe, máa ń gbaná bí ìtùfù, kò sì rọrùn láti pa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1897, iná sọ ní Bazar de la Charité ní Paris láti ibi àtùpà ẹ̀rọ sinimá. Ènìyàn tó lé ní 120 ló kú. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin sinimá wọn ní 1909, 'inflammable films' ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí irú fíìmù mìíràn tí kò tètè gbaná wá jáde, ó di dandan kí wọ́n fún un lórúkọ. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù kò fẹ́ 'non-inflammable', ó gùn, ó sì ní ìyísódì kan gidi àti ìyísódì kan irọ́ nínú. 'Non-flam' ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ náà: 'in-' ni wọ́n gé sọnù. Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ti pín ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn kí àwọn olùṣòfin tó mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń bá iná jà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. National Fire Protection Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ènìyàn ní àwọn ọdún 1920 pé kí wọ́n fi 'inflammable' sílẹ̀, kí wọ́n máa lo 'flammable'. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò iná ní ìdí tiwọn láti fara mọ́ ọn, nítorí àwọn ló ń sanwó bí ilé bá jóná. Nígbà tó fi máa di 1953, Flammable Fabrics Act ni Amẹ́ríkà pe òfin tó ṣe lórí aṣọ tó ń tètè gbaná. Ní 1959, British Standards Institution kéde pé 'flammable' àti 'non-flammable' ni òun fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa lò kí ìtumọ̀ má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1972 lórí irú epo bẹ́ẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fẹ́ràn láti máa sọ pé ìgbìmọ̀ kò lè pàṣẹ fún èdè. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, ìgbìmọ̀ pàṣẹ, èdè sì gbọ́, ó kéré tán lára àgbá àti ọkọ̀ epo.

Ìbéèrè tó kù ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí Faransé kò nílò irú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú Faransé, 'enflammer' ṣì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Igi 's'enflamme', epo 's'enflamme'. Ẹni tó bá gbọ́ 'inflammable' yóò gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn nínú rẹ̀, bí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò tilẹ̀ rí bákan náà. Bó bá fẹ́ òdì rẹ̀, 'ininflammable' ni yóò sọ, 'in-' méjì léra wọn, kò sì ní rú u lójú. Gẹ̀ẹ́sì ní 'inflame', ṣùgbọ́n 'inflame' ti fi iṣẹ́ iná sílẹ̀. Egbò ni ó ń wú, inú ni ó ń bí ènìyàn, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó ń dá rúkèrúdò. Ẹni tó bá fẹ́ tiná bọ igi ní Gẹ̀ẹ́sì, 'set on fire' ló ń sọ. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe kúrò, 'inflammable' kò ní òbí mọ́. Òǹkàwé tó pàdé rẹ̀ wá rí 'flame', tó mọ̀ dáadáa, ó sì rí 'in-' níwájú rẹ̀, ó sì pín in gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń pín 'invisible'. Ìpín àtijọ́ ni [inflamm][able]. Ìpín tuntun ni [in][flammable].

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa àlàyé yìí, kí ó wo 'inhabitable', nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Nínú Faransé, 'habiter' ni gbígbé inú ilé; ilé 'inhabitable' ni ilé tí ènìyàn kò lè gbé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, 'inhabit' ni gbígbé inú rẹ̀. Ilé 'inhabitable' ni ilé tí ènìyàn lè gbé. Lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ méjì tó dojú kọ ara wọn, torí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà láàyè nínú èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lo ọ̀rọ̀ náà bí Faransé ti ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni Shakespeare lò ó nínú Richard II, ní nǹkan bí 1595. Lónìí, ìtumọ̀ yẹn ti kú níbẹ̀. Mo ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ti ń kìlọ̀ nípa 'inflammable' lọ. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó bá gba ọ̀nà Faransé dé 'inflammable' kò ní ṣìnà. Ọ̀nà kan náà yẹn, bó bá gbà á dé 'inhabitable' tàbí 'inhabited', òdì ohun tí òǹkọ̀wé sọ ni yóò kọ sílẹ̀.

Orúkọ kan wà tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ka ìtàn yìí tán láìgbọ́, Benjamin Lee Whorf. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n nípa Hopi. Díẹ̀ ló ń rántí iṣẹ́ tó fi jẹun. Láti 1919 títí tó fi kú ní 1941, Hartford Fire Insurance Company ló ń bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wádìí ohun tó ń fa iná ní ilé-iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde ní 1941, ó sọ̀rọ̀ nípa àgbá bẹntiróòlù tí wọ́n pè ní òfìfo. Níbi tí àgbá tó kún wà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣọ́ra. Níbi tí èyí tó ṣófo wà, wọn a máa mu sìgá. Àgbá òfìfo yẹn ló sì léwu jù, nítorí afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú rẹ̀. Whorf ní ọ̀rọ̀ 'empty' ló tàn wọ́n. Steven Pinker ta kò ó ní 1994 pé ojú àwọn òṣìṣẹ́ náà rí i pé àgbá ṣófo, kò dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá sọ ọ́ fún wọn. Lójú tèmi, àtakò yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé ìwọ̀n kan: afẹ́fẹ́ epo kò ṣeé rí, èdè yòówù kí ènìyàn máa sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn 'inflammable' kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ojú kò rí ohunkóhun ju lẹ́tà lọ. Bí òǹkàwé bá ṣe pín ọ̀rọ̀ náà ni yóò ṣe hùwà. Ó sì jọ mí lójú pé láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Whorf ń ṣe gan-an ni ìpè fún àyípadà ọ̀rọ̀ yìí ti wá.

Kí ló kan àwa níbí? Àwọn ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọjà eléwu wà ní èdè púpọ̀. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, 'flammable' ni wọ́n ń lò. Nínú ti Faransé, 'inflammable'. Pẹ̀lú rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ agbépo ní Nàìjíríà ṣì gbé 'highly inflammable' kiri lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń gbé láàárín Ìfọ̀nyìn àti Ìdírókò, tàbí láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ, ń rí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ní ti bẹntiróòlù, kò léwu púpọ̀ bí ó bá ṣì í kà, nítorí kò sí ẹni tó ń dúró de àkọlé kó tó mọ̀ pé bẹntiróòlù ń gbaná. Ẹ̀bá ọ̀nà wa kún fún kpayo nínú ìgò. Orúkọ yẹn, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Gùn, ń kéde pé kì í ṣe ojúlówó, kò sì sọ nǹkan kan nípa iná. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ènìyàn tó lé ní 30 ló sì bá a lọ. Àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló pa wọ́n. Ibi tí àkọlé ti ń ṣiṣẹ́ ni ohun tí ojú kò mọ̀: agolo oògùn ẹ̀fọn, gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Àwọn wọ̀nyí ń ti Nàìjíríà wọ ọjà wa pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì lára wọn, ọmọ ilé-ìwé ni ìyá rẹ̀ sì máa ń pè pé kó wá bá òun kà á.

Ìṣìnà mìíràn wà tó bá eléyìí tan, tí mo sì rò pé ó léwu jù ú lọ. Ní Benin, 'pétrole' tí àwọn ènìyàn ń rà sínú àtùpà ni ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kẹrosíìnì. 'Petrol' ti Gẹ̀ẹ́sì, tí Yorùbá sọ di bẹntiróòlù, ni ohun tí Faransé ń pè ní 'essence'. Látìn 'petroleum', epo inú àpáta, ni ó bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe epo kan náà. Bẹntiróòlù ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná jáde kódà bí òtútù bá tó 40 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kẹrosíìnì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán Kútọnu, tí ooru jẹ́ nǹkan bí 30, ọ̀kan ń dúró de iná nígbà gbogbo, èkejì kò tíì ṣe tán. Ẹni tó bá da èyí tó ń dúró de iná sínú àtùpà nítorí pé orúkọ wọn jọra ti ṣìnà tó ju ti 'in-' lọ.

Báwo wá ni a ṣe lè kọ ọ́ sára àgbá ní Yorùbá? Mo ti gbé oríṣiríṣi yẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. 'Ó ń jóná' kò dára, nítorí pé 'ń' lè jẹ́ ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó kà á lè máa wo ibi tí èéfín wà. 'Ó lè jóná' kò lágbára, igi lè jóná, aṣọ lè jóná. 'Ó máa ń tètè gbaná' ló sún mọ́ ọn jù, nítorí 'tètè' ló gbé ewu náà, 'gbaná' sì ń sọ ìgbà tí iná kọ́kọ́ mú un, kì í ṣe ìgbà tó ń jó lọ. Ẹnì kan nínú wọn fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ kan tí yóò dúró bí 'flammable' ti dúró. N kò rí ìdí rẹ̀. Ohun tí àwọn panápaná ń wá láti àwọn ọdún 1920 ni ọ̀rọ̀ tí kò ní pín sí méjì lójú òǹkàwé, gbólóhùn Yorùbá yẹn sì ti ṣe iṣẹ́ náà láìní àfòmọ́ kankan níwájú.

Ti àgbá òfìfo ló ṣòro jù. Bí a bá kọ 'àgbá tó ṣófo', a ti padà sínú ohun tí Whorf ń sọ. Èyí tí a fẹnu kò sí ni 'Àgbá yìí gba bẹntiróòlù rí. Má ṣe gbé iná sún mọ́ ọn.' Gbogbo iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ 'rí': ó jẹ́wọ́ pé epo kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì jẹ́ kí a gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.